Ahéré Orí Òpó Tí Ìyá Àgbà Fi Iná Ṣọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mowé, òórùn ẹja yíyan sì ta sánsán sí mi nímú. Obìnrin kan ló ń yan ẹja nínú àgbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní òórùn ẹja lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rán mi létí fún yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, ahéré àwọn apẹja ló kún etí odò Ògùn lẹ́yìn Ìbafọ̀. Orí òpó ni wọ́n kọ́ wọn sí, kí omi ìgbà òjò lè máa gba abẹ́ wọn kọjá. Pákó ni ilẹ̀ wọn, oparun ni ògiri, àkàbà la sì fi ń gùn wọ́n. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, gbogbo ahéré á mì, ìyá àgbà á sì bi ọ́ bóyá erin lo fẹ́ dà. Ìyá tó bí màmá mi ni. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ri àwọn òpó náà mọ́lẹ̀ kó tó kú. Kò ní ilé mìíràn láyé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń lo ọlidé.

Nínú ahéré kọ̀ọ̀kan, ààrò amọ̀ kan wà tí wọ́n fi ń yan ẹja. Òfin etí odò ni pé bí iná bá ṣì wà nínú ààrò rẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ahéré rẹ. Ọjọ́ tí iná bá kú, ahéré ti di ti ẹbí wa tó ni ilẹ̀ etí odò nìyẹn. Nítorí náà, iná kì í kú lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Kó tó bọ́jú láàárọ̀, iná ló máa kọ́kọ́ wò. Bí mo bá ń ṣeré tí mo gbàgbé láti ti igi sí i, ìgbátí tí mo máa jẹ, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Lẹ́yìn náà ni àwọn oníyanrìn tó ń wa yanrìn odò tà dé. Ẹbí ta etí odò fún wọn, àwọn apẹja yòókù kó ẹrù wọn, ó wá ku ìyá àgbà nìkan. Àwọn àgbà ẹbí wá bẹ̀ ẹ́ títí. Èsì kan náà ló ń fún wọn, pé iná òun ò tíì kú. Bàbá Láńre, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, nìkan ló ń gbè é lẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni màmá mi bímọ ní Ifọ̀. Ta ni yóò wẹ ọmọ bí kò ṣe ìyá àgbà? Ó fi iná lé Bàbá Láńre lọ́wọ́, ó ní bí ọmọ ìyá òun bá wà níbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. A sì gbéra.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá Láńre gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan wá. A jẹ ẹ́ títí ọwọ́ wa fi ń dán fún òróró. Ìyá àgbà bi í léèrè iná, Bàbá Láńre ní ọmọ òun ló ń tọ́jú rẹ̀, ó ń jó geerege. Inú ìyá àgbà dùn débi pé ó gbọ́wọ́ lé e lórí níwájú gbogbo èèyàn, ó ṣàdúrà fún un pé yóò pẹ́ láyé, yóò kọ́lé, àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní ráre. Gbogbo wa ṣe àmín gidigidi.

Nígbà tí a padà dé etí odò, òpó nìkan ló dúró nínú omi. Wọ́n ti tú pákó, wọ́n ti gbé ààrò sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bàbá Láńre wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ̀gbọ́n mi, iná ti kú.”

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ààrò. Eérú tó bù jáde ti di ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kankan ò rọ̀ látìgbà tí a ti lọ. Ó na ọwọ́ náà sí àbúrò rẹ̀, ó fi oríkì pè é.

“Àkànní, iná tó kú fúnra rẹ̀, ṣé ó máa ń mumi?”

Olórí ẹbí kàn ní òfin ni òfin. Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé wọ́n ti fún Bàbá Láńre ní pulọ́ọ̀tì kan ní Mowé. Orí ààrò yẹn ló ti yan ẹja tó gbé wá fún wa, kó tó da omi sí i. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi dòní.

Màmá mi ní kí ìyá àgbà gégùn-ún fún Bàbá Láńre. Ìyá àgbà ní òun ti ṣàdúrà fún un ná, Ọlọ́run ò ní mọ èwo ni kóun gbọ́. Yàrá kan ní Ifọ̀, níbi tí kò ti rí odò, ló kú sí.

Lónìí, ilé ńláńlá ló wà níbi tí àwọn ahéré wà. Bí òjò bá pọ̀, odò á wọ yàrá wọn, wọ́n á máa gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù. Kò sẹ́ni tó mọ ilé kọ́ sórí òpó mọ́. Bàbá Láńre ṣì wà láyé. Ilé rẹ̀ dára, àwọn ọmọ rẹ̀ yanjú, òun sì ni àgbà tó kù nínú ẹbí wa. Bí ọdún bá dé, mo máa ń lọ kí i. Mo máa ń kúnlẹ̀, á gbọ́wọ́ lé mi lórí, á ṣàdúrà fún mi, èmi náà á sì ṣe àmín.