Iná Tí Kò Gbóná àti Àpáta Ẹ̀gbẹ́ Ilé Wa

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná léésà lókè òkun, ohun kan ṣoṣo ni àwọn ẹbí mi ní Ìdànrè fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀: ṣé ó lè fọ́ òkúta? Mi ò bá wọn jà. Ìlú tí àpáta yí ká bí ọgbà, tí ènìyàn kò lè gbẹ́ ṣáláńgá kí ọkọ́ rẹ̀ má kan òkúta, kí ni wọn ì bá tún bèèrè?

Àpáta tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lójú títì. Ó tóbi tó màlúù tó dùbúlẹ̀, ó sì jókòó gẹ́lẹ́ síbi tí màámi fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, mi ò tíì bọ́ bàtà tí bàbá àgbà fi ránṣẹ́ pè mí síta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni bàbá àgbà, òun sì ni olórí ilé wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Àgbẹ̀ kòkó ni, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí kò mọ̀, pàápàá èyí tí kò ṣe rí.

Ó na ọ̀pá sí àpáta náà. "Dókítà, òun rèé. Yọ iná rẹ jáde."

"Bàbá, mi ò gbé e wá. Ẹ̀rọ náà kún odidi yàrá kan. Kò fẹ́ eruku, kò fẹ́ ooru, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá lójú títì, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀rọ tó ń sá fún eruku ni yóò fọ́ àpáta?"

Mo wá ṣe ohun tí àwọn olùkọ́ mi kọ́ mi láti ṣe: mo ṣàlàyé. Mo ní nínú gbogbo òkúta, àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nínú apá tó funfun tó ń dán lára àpáta wa yìí, wọ́n di wọ́n mú ṣinṣin sí ipò wọn. Ìmọ́lẹ̀ lásán á kọjá láàárín wọn, ọ̀kan nínú wọn kò ní mira. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ìmọ́lẹ̀ jọ, tí a fún un pọ̀ sínú àkókò kékeré kan, agbára rẹ̀ á pọ̀ débi pé wọ́n á fò kúrò ní ipò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta tí kì í gbé iná mànàmáná á wá máa ṣe bíi wáyà.

"Àkókò kékeré báwo?"

"Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí bílíọ̀nù, tí ẹ mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, tí ẹ tún pín in sí mílíọ̀nù. Á ti parí kí òkúta tó mọ̀ pé ó yẹ kóun gbóná."

Bàbá àgbà ronú díẹ̀. "Iná ìjọba nìyẹn o. Òun náà máa ń lọ kí á tó mọ̀ pé ó dé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ti ṣàlàyé iṣẹ́ yìí níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lóríṣiríṣi, kò tíì sí èyí tó tètè yé tó báyìí.

"Ní kúkúrú," ó ní, "o rin gbogbo ọ̀nà yẹn lọ kọ́ iná tí kò gbóná. A kí ọ. Èmi ní èyí tó gbóná."

Ètò rẹ̀ ni pé kí wọ́n jó táyà lórí àpáta náà títí yóò fi pọ́n, kí wọ́n wá da omi tútù lé e. Ó ti ní kí wọ́n ra ògbólógbòó táyà wá láti Ofosu, níbi tí táyà àwọn ọkọ̀ ojú ọ̀nà Benin ti ń bẹ́ bí gúgúrú. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù: àpáta yẹn kò parí síbi tí ojú rí i, ó gba abẹ́ ilé ìdáná lọ. Mo ní ìdí tí a fi ń lo ìmọ́lẹ̀ oníṣẹ́jú ráńpẹ́ gan-an nìyẹn, kí ooru má ráyè rìn lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Iná táyà tó ń jó láti àárọ̀ dọ̀sán á ráyè kí gbogbo ìlú.

"Ṣé ìwọ lo bí òkúta ni?" bàbá àgbà bi mí. Ìpàdé parí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màámi ń bẹ iṣu, ó ní kí n jókòó.

"Àwọn ẹ̀lẹ́... kí lo pè wọ́n?"

"Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, mà."

"Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ti lé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà, ṣé wọ́n máa ń padà sílé?"

"Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń padà, kíákíá sì ni. Àwọn mìíràn máa ń há síbi tí òkúta náà ti ní àbùkù, wọ́n á kúkú jókòó síbẹ̀."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Wọ́n há síbo?"

"Màámi, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni mò ń sọ o."

"Mo gbọ́. Èmi náà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni mò ń bèèrè."

Ó tún mú ọ̀bẹ, ó sì ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ.

Nígbà tí táyà dé, bàbá àgbà mú ọkùnrin méjì wá láti Atosin. Ará apá Ṣakí ni wọ́n, tí wọ́n ń bá onílẹ̀ ṣe oko kòkó níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń pín èrè rẹ̀. Wọ́n to táyà, wọ́n ṣáná sí i, èéfín dúdú sì bo àdúgbò. Àlájà tó ń ta aṣọ ní òdìkejì títì sáré kó ọjà rẹ̀ wọlé, ó ń wúkọ́, ó ń kí wa kú iṣẹ́ pẹ̀lú ojú tí kò kí ènìyàn rárá. Gbogbo aṣọ funfun tí wọ́n sá ládùúgbò di aṣọ ọ̀fọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n da omi lé e.

Ó dún gbàà! bí ìbọn. Odindi èjìká àpáta náà ya lulẹ̀. Bàbá àgbà ju fìlà sókè, ó ń jó, ó ń wò mí láti rí i bóyá mò ń wò ó.

Ohun mìíràn tún wá dún, láti ilé ìdáná. Ògiri ti là láti ìsàlẹ̀ dé ojú fèrèsé, sìmẹ́ńtì sì ti já sínú ìkòkò ọbẹ̀. Màámi jáde síta pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Bàbá àgbà wo ògiri, ó wò mí. "Dókítà, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Ẹnu rẹ ló fà á. Ìwọ lo sọ ọ́ sí i."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kéré tán, ẹ̀kọ́ mi ti wúlò: mo ti fi ẹnu lásán la ògiri, láìlo ẹ̀rọ kankan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní bí wọ́n bá tún jó o lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyókù á wó. Màámi kò pariwo. Ó ní ẹni tó bá tún dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé òun, orí rẹ̀ lòun yóò gbé ìkòkò kà. Bí wọ́n ṣe mú òòlù nìyẹn. Ohun tí òòlù kò rí ṣe, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀gbẹ́ kan ṣọ́ọ̀bù náà lé e lórí. Bàbá àgbà sọ fún gbogbo ẹni tó kọjá pé bóun ṣe ṣètò rẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn.

Mo ti ṣa òkúta funfun kan nínú àfọ́kù náà, láti gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ lọ, bàbá àgbà dé pẹ̀lú òmíràn, ó ti fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó sì wé e sínú ọ̀rá. "Èyí mọ́ ju tìẹ lọ," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n sọ lọ́hùn-ún pé òkúta Ìdànrè dọ̀tí."

Ọ̀gá mi lókè òkun wo òkúta tí bàbá àgbà wẹ̀ náà lábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní àbùkù inú rẹ̀ pọ̀ jù fún iṣẹ́ wa, òkúta tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ ló dára. Síbẹ̀, a tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Mo pe bàbá àgbà lórí fóònù, mo ní iná wa ti lu ihò kan sínú rẹ̀, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i.

"Kò burú," ó ní, ó ń tù mí nínú. "Ẹ ṣáà máa gbìyànjú."

Kí n tó fèsì, ó ti gbé fóònù fún màámi. Oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ná ọṣẹ, màámi sì ní kí n dúró.