Ọwọ́ Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Àwòrán

Ọlọ́wọ́-Ń-Sọ ni gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró sí igun àwòrán, kó máa fi èdè ọwọ́ sọ ohun tí akéde ìròyìn ń fẹnu sọ, kí àwọn tí etí wọn kò gbọ́rọ̀ lè mọ ohun tó ń lọ nílùú. Ilé ni ó ti kọ́ èdè ọwọ́. Ibà ló mú etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń ṣeré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń bú ara wọn níwájú ìyá wọn tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n yìí, káfíńtà ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí òun náà kò gbọ́rọ̀, ń gbé létí odò, wọn kì í sì í pàdánù ìròyìn ọ̀sán. Ṣé ìròyìn ni wọ́n tilẹ̀ ń wò ni? Àbúrò ni wọ́n ń wò.

Àfi bí àwọn ọ̀gá ṣe kó ara wọn jọ, tí wọ́n ní ayé ti yí padà, pé orí fóònù ni gbogbo ènìyàn wà báyìí, ilé iṣẹ́ àwọn kò sì gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ìròyìn yóò máa jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bá pa òpó tó ń gbé àwòrán lọ sí etí odò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ń-Sọ fúnra rẹ̀ ló lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó bá wọn wá ìkànnì ilé iṣẹ́ náà jáde lórí fóònù wọn. Ó gbé fóònù náà ti ìkòkò omi, ó fọwọ́ sọ fún un pé, “Ẹ ju eriali yẹn nù, bọ̀ọ̀dá mi. Ibí lẹ ó ti máa rí mi.” Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ara ti ń fu ú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀ bíi kó máà dá mọ́. Wọ́n dán gbogbo nǹkan wò. Olùdarí ètò gbé fóònù sétí, oníkámẹ́rà náà gbé e sétí, wọ́n ní ohùn ń dún ketekete. Ẹ gbà mí o, ẹni tó bá gbọ́rọ̀, etí ló fi ń wo tẹlifíṣọ̀n! Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wo igun.

Ìròyìn ti lọ jìnnà kí wọ́n tó mú ìwé pélébé kan wọlé fún akéde. Omi tí wọ́n sé lókè odò ti kún àkúnya, wọ́n sì fẹ́ ṣí i kó tó ya fúnra rẹ̀. Kí gbogbo ará etí odò sá gun òkè kíákíá. Ọlọ́wọ́-Ń-Sọ fọwọ́ sọ ọ́, ó tún un sọ, ó fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má dúró kó ẹrù. Nígbà tí akéde bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ ìjọba kan lẹ́nu wò, ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ máa ń parí sí nìyẹn, ó yọ́ jáde láti lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé kan ń wo ètò náà lórí fóònù. Ọlọ́wọ́-Ń-Sọ yọjú wò ó. Akéde nìkan ló kún ojú fóònù látòkè délẹ̀.

“Igun mi dà?”

“Igun wo?”

“Ibi tí mo máa ń dúró sí!”

“Ẹ̀ẹ́n, àwòrán tẹlifíṣọ̀n fẹ̀, fóònù sì rí tóóró. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò kí ojú akéde lè hàn dáadáa.”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀?”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.”

Gbogbo ohun tó ti ń fọwọ́ sọ, ògiri ló ń sọ ọ́ fún. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, irú ìpè tí èèyàn fi ń rí ojú ara wọn. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Kò kúkú ṣeé kọ ránṣẹ́, àwọn méjèèjì kò kàwé. Aládùúgbò ńkọ́? Kí aládùúgbò kan ilẹ̀kùn títí ìka á fi bó, ta ni yóò gbọ́? Ó kù gììrì sí ẹnu géètì, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ta ló bá lẹ́nu géètì? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, omi òjò ń kán tótó lára rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ó gbá a léjìká mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé ẹsẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wo ọmọ tó ṣubú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀rọ̀.

“A wá ọ títí, a ò rí ọ. Mo ní o ti kú ni, pé wọ́n kàn ń fi pamọ́ fún mi.”

Ọlọ́wọ́-Ń-Sọ bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà ti sá àsálà láìmọ̀! Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rí ẹlòmíràn.

“Ìyàwó wa dà?”

“Ó wà nílé. Mo ní kó máa wo fóònù, bóyá wàá yọ. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án rárá, kí àwòrán má baà lọ.”

Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, eré ló kù. Olùdarí ètò na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń ka ìròyìn. “Ṣé orí ẹ pé? A ṣì wà lórí afẹ́fẹ́!”

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kọjá o! Ènìyàn ló fẹ́ kú yìí!”

Wọ́n gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, wọn ò yà sí igun. Iwájú akéde gan-an ni wọ́n lọ dúró sí, ní àárín gbùngbùn, ibi tí kò sẹ́ni tó lè gé wọn. Akéde sún àga rẹ̀ sẹ́yìn fún wọn. Àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sọ ọ́ pé omi ń bọ̀, jáde, gun òkè, fi ẹrù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá fi tirẹ̀ kún un: “Àbúrò mi rèé, kò kú. Àwa la máa pè ọ́ báyìí. Fọwọ́ kan fóònù náà.”

Ọlọ́wọ́-Ń-Sọ pè é. Fóònù dún títí, ó já. Ó tún pè. Ọ̀gá tó dí wọn lọ́nà náà wá bẹjú wo fóònù. Nígbà tí àwòrán yóò fi ṣí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti kúrò nílé, òkè ló ń gùn, ẹrẹ̀ ti kan orúnkún rẹ̀.

“Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́?” Ọkọ rẹ̀ ń fọwọ́ béèrè, ó tún ń béèrè.

Ọwọ́ kan ni obìnrin náà fi di fóònù mú, èkejì ló fi di ẹ̀ka igi mú kó má baà yọ̀ ṣubú. Kò rí ọwọ́ tó máa fi dáhùn. Ó kàn ń mi orí ṣáá pé kò sí, ó ń gun òkè lọ.