Ìkúnlẹ̀ Tọ́mi

Ẹni tó bá rò pé òjijì ni Olúwatọ́mi di òṣèré, kò gbé Sharpstown ní Houston rí. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá rẹ̀, tó wà láàárín ilé ìfọṣọ kan àti ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù, ló ti máa ń ṣa àjákù léèsì nílẹ̀, tí yóò ró o mọ́dìí, tí yóò sì máa jó níwájú dígí. Àwọn oníbàárà á dúró wò ó. Sìkírátù, ìyá rẹ̀, kò lé e. Ó fún un ní abẹ́rẹ́, ó ní bí ó bá fẹ́ wọ nǹkan, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an.

Ládépọ̀, bàbá rẹ̀, ẹnjiníà ni ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo. Òun ló kọ́ ọ ní oríkì ìdílé wọn nínú mọ́tò, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá há sínú gosiló lórí freeway. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n débi pé bí bàbá bá gbàgbé, òun ni yóò rán an létí. Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo ohun tí Tọ́mi fi ń gba àtẹ́wọ́ lónìí, ilé ló ti kó o.

Ẹ má wáá rò pé ẹ̀bùn nìkan ló gbé e débẹ̀ o. Láàárọ̀, ó ń tọ́jú ọmọ ní daycare. Nírọ̀lẹ́, ó ń lọ sọ́dọ̀ Jasmine, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Houston kan tó ń kọ́ni níjó àti orin. Jasmine kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó ní kí Tọ́mi kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, Tọ́mi sì ṣubú títí orúnkún rẹ̀ fi bó. Nígbà tí Tọ́mi sọ fún ayé pé obìnrin ni òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà ìbí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tín-ín-rín kọrin, nítorí ó ń tijú ohùn tirẹ̀ tó rinlẹ̀. Jasmine dá orin dúró.

"Ta lo jí ohùn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?" ó bi í. "Dá a padà fún un. Tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Tọ́mi ṣe gba ohùn rẹ̀ padà. Ká má purọ́, ó dùn-ún wò, ó dùn-ún gbọ́: obìnrin gíga kan, nínú aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó ń jó, tó ń fi ohùn ilẹ̀ ki àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti há. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, Ládépọ̀ yíjú sí tẹlifíṣọ̀n.

"Ọmọkùnrin mi kì í kúnlẹ̀ kí mi," ó ní. "Dọ̀bálẹ̀."

Tọ́mi kò dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń kíra, nítorí lórí fóònù kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé mọ́tò ẹ okay?" ni Ládépọ̀ yóò bi í.

"Ó okay, Daddy."

"O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

Ó dun Tọ́mi wọra. Ẹ̀dùn ọkàn náà ló sọ di eré. Ó kọ́ rárà ìyàwó lẹ́nu àǹtí ìyá rẹ̀ kan tó wà ní Ìsẹ́yìn, lórí WhatsApp, rárà tí ìyàwó máa ń sun lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, láti gba ìre kó tó filé sílẹ̀. Tọ́mi gbé àga méjì tó ṣófo sórí ìtàgé, ó kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó tọrọ ìre. Àga kò dáhùn. Yóò dákẹ́ pẹ́, yóò dá ara rẹ̀ dìde, yóò sì jáde lọ. Ibẹ̀ ni eré parí sí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, òyìnbó sunkún, adúláwọ̀ sunkún. Sìkírátù náà sunkún, ó délé, ó kojú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tọ́mi, àga yín ló ṣófo lórí stage yẹn. Àwọn àlejò ló jókòó tí wọ́n ń wò ó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Tọ́mi rí Ládépọ̀ láti orí ìtàgé, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ. Tọ́mi jó, ó ṣubú, ó ki ìdílé wọn láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ó wá ku ìkúnlẹ̀. Bí bàbá bá bínú jáde níbi tí èrò pọ̀ tó yìí, bóyá ni wọ́n tún máa rójú ara wọn mọ́. Tọ́mi kúnlẹ̀. Ó tọrọ ìre, ó sì dákẹ́.

Wọ́n ti kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa dákẹ́ ní tíátà, wọ́n sì dákẹ́. Àmọ́ ta ni yóò kọ́ Yorùbá pé kí ọmọ kúnlẹ̀ tọrọ ìre, kí òbí máa wòran? Ládépọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó gun orí ìtàgé tòun ti bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, irú àdúrà àwọn bàbá wa tí kì í tán bọ̀rọ̀. Kó tó ṣe díẹ̀, Sìkírátù ti dìde láàárín èrò, ó ti jókòó sórí àga kejì. Ẹni tó ń mójú tó iná kò mọ ìgbà tó yẹ kó pa á. Eré Tọ́mi ti bàjẹ́ pátápátá, inú rẹ̀ kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sunkún, ó ń ṣe àmín, kò gbórí sókè títí àdúrà fi parí.

"Dìde, ọmọbìnrin mi," ni Ládépọ̀ wí. "Mo ti gbọ́."