Pèrègún Ẹ̀yìn Ilé Àgùntáṣọọ́lò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ ni. Kò sí ohun tó fẹ́ ṣe láyé tí kò ní kọ́kọ́ wọ̀n. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní ìdí mi ti fẹ̀ ju ti èṣí lọ. Ta ló bi í léèrè?

Ọkọ rẹ̀ ga débi pé Àgùntáṣọọ́lò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilé ló ń kùn kí àìsàn tó dé, tó mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ. Láti ìgbà náà, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé, aṣọ ìbora ló ń ró mọ́ra. Kò jẹ́ dìde kí ìyàwó rẹ̀ wọ̀n ọ́n fún ṣòkòtò. Dókítà ní kó máa jókòó síta nínú oòrùn, kó máa gbìyànjú àtidìde. Oòrùn kún ẹ̀yìn ilé wọn látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ń wo ibẹ̀ tààrà.

“Ṣé kí wọ́n máa wò mí bíi fíìmù ni?” ó ní. “Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!”

Ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n mi. Bí ọkọ rẹ̀ kò bá jáde, kò ní rìn mọ́. Ló bá pinnu láti fi igi ṣe ọgbà tí yóò bo ojú fèrèsé yẹn.

A lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta igi gbígbìn lẹ́bàá títì. Ó ń tòògbé láàárín ewé, omi ń kán tó, tó, tó lára igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi rin.

“Ẹ mú oparun. Kíá ló ń ga.”

“Ta ni yóò máa gé e? Kó tó pẹ́, á wọlé bá mi ní yàrá.”

“Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún yìí ńkọ́? Ó fẹ́ràn oòrùn.”

“Ọkọ mi ń di nǹkan mú kó má baà ṣubú. Ẹ̀gún kẹ̀?”

“Ìyá, èwo lẹ wá ń fẹ́ gan-an?”

“Èyí tí oòrùn ò ní pa, tí kò ní máa ké pè mí pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo ti ní aláìsàn kan nílé.”

Ọkùnrin náà lajú. “Pèrègún nìyẹn. Tó bá ti rí ilẹ̀ mú, ó parí. Àmọ́ kì í kánjú o.”

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa ewé rẹ̀ bí ẹni ń yẹ aṣọ wò. Ló bá ra púpọ̀ nínú rẹ̀! Inú bí mi. Igi tí kò ga ju orúnkún lọ!

“Sùúrù ni baba ìwà,” ó ní.

“Mo gbọ́. Baba ilé yín ńkọ́, ṣé wọ́n á lè dúró dìgbà tó máa ga?”

Ó gbin àwọn pèrègún náà tò sẹ́yìn ilé. Ó rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́ra wọn, ó ta á sórí okùn lẹ́yìn àwọn pèrègún kéékèèké náà, ó gbé àga sídìí rẹ̀, ó wá ní kí n lọ sílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ wò ó látòkè. Bó ṣe ń wọ aṣọ fún oníbàárà wò nìyẹn kó tó rán an parí. Ìyá ọlọ́mọ kan ló ń gbé òkè náà. Mo yọrí lójú fèrèsé rẹ̀, mo ń pariwo pé, “Ẹ gbé e sókè! Mo ṣì ń rí àga!”

“Bàbá akunlé dà?” obìnrin náà bi mí. “Wọ́n máa ń kí mi látorí àkàbà wọn. Mo rò pé wọ́n ti kó lọ.”

“Wọ́n wà,” mo ní. “Wọ́n ń sinmi ni.” Ọkàn mi bàjẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Àgùntáṣọọ́lò jáde. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀. Atẹ́gùn á fẹ́ aṣọ náà wú, á tún rọ̀ ọ́ wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ́ gba inú rẹ̀ bọ́ sí i lójú. Á sùn, á jí, á tún sùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ á máa dún nínú ilé. Nígbà mìíràn, èmi tí mo wá kí wọn náà á gbàgbé ilé mi. Òjò wá, ó lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó tún lọ. Bí pèrègún bá ga sí i, ẹ̀gbọ́n mi á gé aṣọ náà nísàlẹ̀, á sì ṣẹ́ etí rẹ̀, títí tó fi ku tẹ́ẹ́rẹ́ lórí okùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tú èyí tó kù kúrò, ìyá ọlọ́mọ yọrí lókè.

“Ẹ káàsán o! Bàbá akunlé ńkọ́?”

Àgùntáṣọọ́lò dáhùn látorí àga, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò ròkè, pèrègún sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ ò gbọ́. Àgùntáṣọọ́lò tún dáhùn. Ó gbá apá àga mú. Mo sáré fẹ́ dì í mú, ẹ̀gbọ́n mi fa aṣọ mi.

“Fi wọ́n sílẹ̀.”

Ọkọ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹ, ó dìde. Orí rẹ̀ yọ lókè ewé, lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀.

“Ẹ káàsán, ìyá ọmọ,” ó ní. “Mo wà níbí o.”

Obìnrin náà pariwo ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti ń fa téèpù yọ lọ́rùn, ó kúnlẹ̀ sídìí ọkọ rẹ̀.

“Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jókòó,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí n wọn ṣòkòtò.”