Ẹni Tó Bi Bàbá Mi Léèrè Ẹ̀rù

Ológbò ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi. Iṣẹ́ páánù kíkàn ni wọ́n fi tọ́ wa, ogójì ọdún lórí òrùlé, ẹsẹ̀ wọn ò yẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan funfun bo ẹyinjú wọn méjèèjì, tí wọn ò rí ju òjìji lọ mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dùbúlẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sì fò sílẹ̀ pé àwọn ń lọ sílé.

Ìyá mi ní, “Bàbá wọn, ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lórí ilé alájà mẹ́ta, kí ló wá ń bà yín lẹ́rù lórí bẹ́ẹ̀dì?”



Nígbà tí a tún padà lọ, nọ́ọ̀sì kan fa àga, ó jókòó tì wọ́n. “Ẹ má bẹ̀rù” ni gbogbo àwọn tó kù máa ń sọ. Èyí ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kí gan-an ló ń dẹ́rù bà yín níbẹ̀?”

Bàbá mi dá a lóhùn pé, “Ìyá, aṣọ tí wọ́n ń fi bo ojú èèyàn yẹn ni.”

Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ ọ́. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, ògiri kan wó lù wọ́n níbi iṣẹ́. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ni wọ́n fi wà lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kí àwọn èèyàn tó hú wọn jáde. Mo wo ìyá mi, ìyá mi wò mí. Bàbá mi kì í da aṣọ borí sùn, àní nínú òtútù. A rò pé ooru ló ń mú wọn ni.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. N ò ní purọ́ fún yín, aṣọ náà ò ṣeé yọ. Àmọ́ a lè fi kọ́ra.”

Ó mú aṣọ náà wá, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Lórí àga ló ti dà á bò wọ́n, ó gbé etí aṣọ náà sókè kí atẹ́gùn lè wọlé, ó ń ka oókan, eéjì. Ní eéje, bàbá mi fà á kúrò lójú.

“Eéje náà kì í ṣe kékeré,” ni nọ́ọ̀sì sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta la fi padà lọ. Ní ẹ̀kẹta, ó ka dé ọgọ́rùn-ún, wọn ò fà á kúrò. Wọ́n sì jọ ṣàdéhùn: bí bàbá mi bá fún ọwọ́ nọ́ọ̀sì pinpin lábẹ́ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, yóò dá wọn lóhùn, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, dókítà yóò dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jáde, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀. “Mọ́mì, ọwọ́ akanpáánù kì í ṣe ọwọ́ lásán o. Ṣùgbọ́n wọn ò fún ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì rárá.”

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣí ojú kan tí wọ́n ṣe náà, bàbá mi wo ìyá mi dáadáa, wọ́n wá ń wá nọ́ọ̀sì tó ni ohùn yẹn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí mo fi ọdún mẹ́ta jù lọ ló dúró níwájú wọn.

“Ṣé ìwọ ni mo ti ń pè ní Ìyá látọjọ́ yìí?”

“Èmi ni, Bàbá. Mo ti ń jẹ́ ẹ, ẹ má gbà á padà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n rọra, nítorí ojú. Wọ́n ṣí fìlà. “Gbogbo ayé ló ń sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù. Ìwọ nìkan lo bi mí léèrè. O ṣeun, Ìyá mi.”

Kí a tó kúrò níbẹ̀, bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n lọ gba ọjọ́ fún ojú kejì. Nígbà tí a ń lọ sílé, gbogbo pátákó ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń kà sókè, títí ìyá mi fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí awakọ̀ gbádùn.