Ìgbòkun Mẹ́jọ Àtààbọ̀

Òórùn ọ̀sà Galveston kò jọ ti ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí wa sí. Ti Ẹ̀pẹ́, ẹja tútù ni àti èéfín igi tí wọ́n fi ń yan án. Ti ibí yìí, iyọ̀ ni, edé ni, pẹ̀lú òórùn kan tó ń ta ni nímú láti ọ̀nà Baytown, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bú òórùn yẹn lójú òun, nítorí òórùn náà ló rán àwọn ọmọ òun lọ sí yunifásítì. Bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ báyìí, àárọ̀ Sátidé kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìwọ náà mọ bí àwọn ọkùnrin wa ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì. Àwọn kan á lọ kọ́lé sí ìlú wọn, àwọn mìíràn á sọ ara wọn di alága gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ra pákó, irú èyí tí ènìyàn ń dúró lé lórí omi, tó ní òpó àti ìgbòkun, tí afẹ́fẹ́ á máa gbé sáré. Ògbólógbòó ni. Wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ díje nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ọkọ̀ tí bàbá wa fi ń pẹja. Ó ní pákó kékeré kan láàárín tí wọ́n lè tì sísàlẹ̀ tàbí kí wọ́n fà á sókè, ó sì ní ohun kan nídìí tí àwa ń pè ní lẹbẹ, torí pé bíi lẹbẹ ẹja ló rí.

Ọmọbìnrin mi ló kọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Houston ni mo bí i sí, ẹnjiníà ni ní The Woodlands, ó sì ti ń ṣe eré yìí láti yunifásítì. Ó tẹ́ ìgbòkun méjì sílẹ̀ ní gàréèjì ẹ̀gbọ́n mi, ó sì fi nọ́ńbà bí aṣọ wọn ṣe tóbi tó pè wọ́n: mẹ́jọ àtààbọ̀ fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọra ń fẹ́, mẹ́fà àtààbọ̀ fún ọjọ́ tó bá le. Lẹbẹ náà jẹ́ méjì. Ọ̀kan bá pákó náà wá, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ; èkejì gùn, tuntun ni, ẹ̀gbọ́n mi ló fúnra rẹ̀ rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi ní ihò tí wọ́n ń ki lẹbẹ bọ̀ lára pákó àtijọ́ kò lágbára tó èyí tó gùn yẹn. Ó ní tí afẹ́fẹ́ bá le, lẹbẹ gígùn á máa gbé pákó sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi da ẹni tó wà lórí rẹ̀ nù. Mo wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, omi dákẹ́ rọ́rọ́, ooru sì mú. Ṣùgbọ́n fóònù ti sọ pé afẹ́fẹ́ tútù ń bọ̀ kó tó di ọ̀sán, láti orí ilẹ̀ sí ojú omi, ìyẹn ni pé yóò máa gbé ènìyàn lọ sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ Houston. Ẹ̀gbọ́n mi fa mẹ́jọ àtààbọ̀ jáde. Ó ki lẹbẹ gígùn bọ ìdí pákó. Ó ní, "Ẹni tó sanra bíi tèmi, kí ló fẹ́ fi èyí kékeré ṣe?" Òótọ́ sì wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹni tó wúwo nílò ìgbòkun tó tóbi, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ mi bọ́ síwájú rẹ̀. "Big Daddy, o ò lè gbé èyí. Ó big jù. Wind ń bọ̀, o máa fall."

Mo fò mọ́ ọn. "Ta lò ń pè ní 'o'? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Sorry, sir. Ẹ ò lè gbé èyí."

Ẹ̀gbọ́n mi ti bú sẹ́rìn-ín. "Fi ọmọ sílẹ̀ jàre, America ló tọ́ ọ." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọmọ ń sọ bá ẹ̀rín lọ, ojú sì tì í. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí sí i?"

Mo wo ọ̀run lókè ilẹ̀. Ó ti ń ṣú.

Mo ní, "Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ náà ló dáa, sà."

Ó lọ. Fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí n má parọ́, ó wù mí láti máa wò ó, àgbàlagbà tó ń rìn lórí omi bí ọmọ ogún ọdún. Lẹ́yìn náà ni òtútù gbá mi lọ́rùn láti ẹ̀yìn, omi sì yí àwọ̀ padà. Mo rí i tí pákó náà gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, tó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, tó sì da ẹ̀gbọ́n mi sómi. Ó gùn ún padà. Ó tún ṣubú. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò dìde mọ́, ó kàn dojú bolẹ̀ lórí pákó, ó dì í mú, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ. Ní iwájú ibi tó ń lọ, ọkọ̀ epo kan ń bọ̀, pupa, gígùn, irú èyí tí kì í lè dúró nítorí ẹnikẹ́ni. Mo wọ omi dé ìbàdí pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn mi. Mo pe orúkọ àbísọ rẹ̀, láìfi ẹ̀gbọ́n síwájú, ohun tí n kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kò gbé èsì kankan bọ̀.

Ọmọ mi kò dúró pariwo. Ó ti sáré lọ bá bàbá ará Vietnam kan tó ń tú edé sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, nígbà tí mo sì máa fi wẹ̀yìn, òun àti bàbá náà ti wà lórí omi nínú ọkọ̀ bàbá náà. Wọ́n fa ẹ̀gbọ́n mi wọ inú ọkọ̀ bí ẹni fa àwọ̀n. Ọkọ̀ epo náà fọn fèrè, ó kọjá. Pákó ti ya nídìí níbi tí lẹbẹ wà, omi ti kún inú rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi ń fi táwẹ̀lì nu ẹ̀gbọ́n mi lórí, kò sọ pé, "Mo ṣáà sọ fún yín."

Mo fi mọ́tò mi gbé e lọ sílé ní Brays Oaks, ọmọ mi ń tẹ̀ lé wa. Lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀, ó bi mí. "Ọmọ yẹn, òótọ́ ló ń sọ láàárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó yíjú sí fèrèsé. Ó ní, "Òun tí kò mọ̀ ọ́n sọ, ó sọ ọ́. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n sọ, o dákẹ́."

Ó pẹ́ kí n tó lè gbà á fún ara mi pé mo ti ń pe ìbẹ̀rù ní ọ̀wọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n mi má baà fajú ro sí mi fún ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí omi gbé e lọ. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ó ti ra pákó mìíràn, òun àti ọmọ mi sì jọ máa ń lọ sí ọ̀sà. Bí wọ́n bá tẹ́ ìgbòkun sílẹ̀, ọmọ mi ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń bi pé èwo ni ká gbé lónìí. Kò bá mi jà, kò bínú sí mi, a jọ ń jẹun lọ́jọ́ Sunday bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò kàn bi mí ní nǹkan kan mọ́ ni.