Alága àti Ẹ̀rọ Inú Ọ̀rá

Bí mo bá rí fíríìjì tuntun nínú ọ̀rá ní Ọjà Àlàbá, alága àjọ aláàánú kan tó wà ní Ìbà nígbà ìjọba ológun ni mo máa ń rántí. Àjọ rẹ̀ tọrọ owó kiri, wọ́n sì ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n alága kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó. Àràárọ̀ ló ń fi áńkáṣíìfù funfun nu ọ̀rá tí wọ́n fi wé ẹ̀rọ náà bí ẹni ń nu imú ọmọ. "Ọ̀gágun tó máa gé ríbọ́ọ̀nù ò tí ì ráàyè," lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Mo pọn ọmọ mi, mo mú ìyá mi lọ bá a láti Òkokomáìkò. Kókó ti yọ sí wọn lọ́mú.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí i."

"Màdáámù, tí Ọ̀gágun bá bá ìdọ̀tí lára rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní sùúrù. Iwájú ni màmá máa jókòó lọ́jọ́ ayẹyẹ."

Ìyá mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé Ọ̀gágun náà ní ọmú tó ń dùn ún ni?"

Ọ̀gágun pẹ́ kó tó ráàyè. Nígbà tí alága wá pè wá síbi ayẹyẹ, mo sọ fún un pé a ti sin ìyá mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí. "Ẹ ò wá mọ ìyá mìíràn tó ní kókó lọ́mú, tó lè bá wa jókòó níwájú?"